Ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀ Tí Ń Lọ sí Ìwópin

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ka orúkọ náà lónìí ní gbọ̀ngàn kánsù n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Kì í ṣe orúkọ mi. Orúkọ ìyàwó mi ni.

Láti ìgbà Ọdún Àjíǹde ni a ti ń gbọ́ pé ìjọba àti àwọn ará yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè fẹ́ da ètò oògùn ọ̀dọ̀ wa àti ti Ogun Waterside pọ̀ sójú kan, kí ìnáwó lè dín kù, kí oògùn sì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó nílò rẹ̀. Alábòójútó ètò náà ni gbogbo wa ń retí. Ta ni ì bá tún jẹ́? Èmi ni mo ń ṣọ́ sítọ̀ oògùn kánsù láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Mo fá irùngbọ̀n, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù mi. Nígbà tí alága ní "Gbénró," mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde tán kó tó fi kún un pé, "Mátírọ́ọ̀nù Ìbíkẹ́ Gbénró, ilé ìlera Òrù." Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ tún àga rẹ̀ gbé. Lẹ́yìn náà mo pàtẹ́wọ́. Ó dá mi lójú pé kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ tó mi.

Nílé, ó se ìkọ́kọrẹ́, ó kó ẹja dídára sínú àwo mi.

"Bàbá Adédoyin, ṣé inú yín dùn?"

"Inú mi dùn."

"Ẹ ò fọwọ́ kan ẹja yín."

"Eyín ń dùn mí."

Eyín kankan ò dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹfà

Òjò àárọ̀. Dókítà tí wọ́n fi ṣe igbákejì Ìbíkẹ́ wá fi ọkọ̀ gbé e. Mùbàṣírù Rùfáì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè-Sọpẹ́n níbí, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní yunifásítì. Mo ti ń retí ọ̀dọ́mọkùnrin onígbèéraga kan tí kò ní ṣòro láti kórìíra. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì tútù. Ó ń pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́", ó ń pe ilé ní "ulé", bí ọmọ tí ìyá àgbà tọ́. Ó ga. Eyín rẹ̀ funfun. Ó pè mí ní Dádì.

Ìbíkẹ́ wọ bàtà tuntun. Mo bi í pé níbo ló ti rà á. Ó ní èmi ni mo rà á fún òun nígbà Kérésìmesì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹfà

Wọ́n wá wo sítọ̀. Mo ti gbálẹ̀ láti àná, mo ti to àwọn páálí bí ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ fún bíṣọ́ọ̀bù. Dókítà ń yẹ ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ wò lára páálí kọ̀ọ̀kan. Ìbíkẹ́ ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀nà la ti pàdé.

"Ọ̀gá Gbénró, yàtọ̀ sí fíríìjì àjẹsára, kí ni jẹnẹrétọ̀ yìí tún ń gbé?"

"Fáànù ọ́fíìsì mi."

Dókítà yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n jáde sí àgbàlá, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé. Ìbíkẹ́ ń ṣàlàyé fún Dókítà. Ó ní epo dísù ti di ẹgbẹ̀rin náírà lítà kan, ó ń jẹ owó tó yẹ kí a fi ra oògùn, nígbà tí ẹ̀rọ sólà wà ní Àgọ́-Ìwòyè tí kò rí nǹkan gbé. Ó ní ọkọ̀ tó ń gbé àjẹsára ń lọ lọ́tọ̀, èyí tó ń gbé oògùn ń lọ lọ́tọ̀, ti àwọn tó ń lọ yẹ iṣẹ́ wò náà ń lọ lọ́tọ̀, ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì ń tọ̀. Ó ní oògùn ibà ń bàjẹ́ n'Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn ará etí ọ̀sà ń wá a kiri.

Ọ̀rọ̀ mi ni. Èmi ni mo sọ gbogbo rẹ̀, nídìí oúnjẹ, lọ́dọọdún, tí òun ń bu omi fún mi tó ń ní "Ẹ pẹ̀lẹ́." Àṣé ó ń tọ́jú rẹ̀. Àṣé yóò fi gba ipò lọ́jọ́ kan.

Dókítà ní, "Mọ́mì, orí yín pé gan-an."

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹfà

Àlùfáà ní kí Ìbíkẹ́ dìde kí ìjọ rí i. Wọ́n kọrin fún un, wọ́n gbàdúrà fún un. Nígbà tí èmi gba ìgbéga, àárín ìkéde agboorùn tó sọnù ni wọ́n ti dárúkọ mi.

Lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Leah, fà mí lọ sí abẹ́ igi máńgòrò.

"Zechariah, ìyàwó rẹ àti ọmọkùnrin yẹn jọ ń lọ etí ọ̀sà ni?"

"Iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ, Àǹtí."

"Ṣé mo ní kì í ṣe iṣẹ́ ni? Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ó lọ kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sí mi lára bí èérí.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹfà

Òjò. Kò síná. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí Ìbíkẹ́ tó dé. Mo ṣe bí ẹni tó ti sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Keje

Wọn yóò ti sítọ̀ pa.

Kí Ìbíkẹ́ tó lọ ka ètò náà sétí ìgbìmọ̀, ó kọ́kọ́ sọ fún mi nílé. Ó fi gèlè rẹ̀ sórí itan, ó jókòó sí iwájú mi.

"Oògùn á máa ti Àgọ́-Ìwòyè lọ sí ilé ìlera kọ̀ọ̀kan tààrà. Ọkọ̀ kan ni yóò máa gbé oògùn, àjẹsára àti àwa òṣìṣẹ́ pọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ti Ìwópin. Oṣù yìí la ó fi dán an wò. Bó bá yọrí sí rere, sítọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó á parí iṣẹ́ ní ìparí Oṣù Kẹjọ."

"Èmi ńkọ́?"

"Wọ́n á wá ibi tí wọ́n á fi yín sí. Mo ti sọ̀rọ̀ yín."

"O ti bá mi bẹ̀bẹ̀."

"Bàbá Adédoyin, mi ò bẹ̀bẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ yín."

Mo jáde lọ dúró ní ìta. Ata rodo ti wọ́n, àwọn obìnrin àdúgbò ń ṣàròyé rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Mo dúró gbọ́ ti ata títí inú mi fi rọ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Keje

Iléyá. Dókítà gbé itan àgbò wá fúnra rẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó ní ìyá òun ló ní kí òun gbé e fún "Mọ́mì àti Dádì." Ìbíkẹ́ dín in. Gbogbo ilé ta sánsán. Mo ní ẹran àgbò kì í bá mi lára mu. Ó wò mí, ó bo àwo náà, ó ń kọrin lọ sí ilé ìdáná. Ó ti pẹ́ tó ti kọrin nínú ilé yìí. Ta ló mú orin wọlé?

Ní ìrọ̀lẹ́ ó lọ kí àwọn ará Òkè-Sọpẹ́n kú ọdún. Mo dá nìkan wà nílé. Mo jẹ nínú ẹran náà. Ó dùn, ìyẹn sì tún bí mi nínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Keje

Ọ̀túnla ni ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sí Ìwópin. Àjẹsára yóò ti Àgọ́-Ìwòyè wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni oògùn ibà àti abẹ́rẹ́ ibà líle ṣì wà. Wọ́n ti kọ iye tí wọ́n fẹ́ ránṣẹ́. Mo sọ fún Àìná, akọ̀wé mi, pé kò sóògùn tó máa jáde láìjẹ́ pé akọ̀wé àgbà kánsù buwọ́ lù ú. Ó ní, "Ọ̀gá, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún oògùn ibà." Mo ní bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe é láti òní lọ.

Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Keje

Wọ́n dé kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ọkọ̀ Háílọ́s funfun, ike àjẹsára lẹ́yìn rẹ̀, àyè oògùn ṣófo. Ìbíkẹ́ wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú Dókítà.

"Ọ̀gá Gbénró, oògùn ibà wa?"

"Ó ku ìbuwọ́lùwé akọ̀wé àgbà. Wọ́n ti lọ sí Abẹ́òkúta."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

"Bóyá ọ̀la, bóyá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Dókítà ní, "Dádì, àsìkò òjò la wà yìí. Ẹ̀fọn ń jẹ àwọn èèyàn yẹn bí ẹni jẹ àkàrà."

"Òfin lòfin, Dókítà."

Ìbíkẹ́ wo aago rẹ̀. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, yìnyín àjẹsára ń yọ́." Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo Háílọ́s náà tó ń bọ́ sí kòtò, tó ń jáde. Ìdajì ẹrù ló rù lọ. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń ṣọ́ sítọ̀ kì í ṣe fáànù ọ́fíìsì.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Keje

Nimotalahi tẹ Ìbíkẹ́ láago nígbà tí a ń jẹun àárọ̀. Òun ni òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní abúlé kan létí ọ̀sà, ní ìkọjá Ìwópin. Ohùn obìnrin náà le, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

Gìrì mú ọmọ apẹja kan láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ibà líle ni. Nimotalahi ṣí àpótí oògùn, kò sí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n wa ọmọ náà gba orí ọ̀sà, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n gbé e dé ọsibítù aládàáni kan n'Ìjẹ̀bú-Òde. Kò tíì lajú.

Ìbíkẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Ó kó àwo rẹ̀ àti tèmi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì jẹun tán.

Mo dé sítọ̀, mo fún Àìná ní abẹ́rẹ́ náà àti oògùn ibà kíkún páálí, mo ní kó wọ mọ́tò gbé e lọ sí Ìwópin lónìí. Kò bi mí nípa ìbuwọ́lùwé.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Keje

Ọmọ náà lajú. Ó mu ẹ̀kọ.

Mo dúpẹ́ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì, níbi tí kò ti sẹ́ni tó lè rí mi.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Keje

Mo bá wọn lọ lónìí. Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oògùn. Irọ́ ni. Leah tún ti sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́ Àìkú. Mo fẹ́ fojú ara mi rí bí ìyàwó mi àti ọkùnrin yẹn ṣe máa ń wà níbi tí wọn kò ti mọ̀ pé mo ń wò wọ́n. Mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láàárín páálí, mo ń wo ẹ̀yìn orí àwọn méjèèjì. A gba Ìjẹ̀bú-Òde jáde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́nà kò ju ti táyà àti ti obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ kò tíì gba àjẹsára èèyi. Mo ń retí èyí tó burú, kò dé.

Ní Ìwópin a wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìjì díẹ̀ wà lórí ọ̀sà. Kí a tó kúrò létí omi rárá, Dókítà ti dìrọ̀ mọ́ etí ọkọ̀, ó pa ojú dé, ó ń ka "Bismillahi" lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìgbì kejì gbé wa, ó bì sínú ike. Ìbíkẹ́ fi omi nù ún lójú, ó ní, "Má wo omi, wo igi òkè yẹn." Ó sọ fún mi pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí kì í bì, pé kò sì tíì sọ ọ́ rí pé òun ò lọ mọ́.

Ọkùnrin tí mo ti ń bá jà nínú orí mi láti oṣù tó kọjá nìyí. Mo bá a di ike náà mú.

Ní ilé ìlera abúlé náà, àwọn ìyá ti tò sórí bẹ́ǹṣì. Mo jókòó sí igun kan, mo ń wo Ìbíkẹ́. Mo ti bá obìnrin yìí gbé pẹ́, mi ò tíì rí i lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá kan, ó ń bá òmíràn wí, ó ń bi Nimotalahi pé èwo nínú oògùn ló ń tètè tán, èwo ni kò sẹ́ni tó ń lò ó. Nimotalahi gbé páálí kan jáde láti abẹ́ tábìlì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ti bàjẹ́, àmì sítọ̀ mi wà lára rẹ̀. "Ẹ sọ pé kí wọ́n má fún wa ní irú èyí rẹpẹtẹ mọ́," ó ní. "Ibà làwa ń bá jà." Ìbíkẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kò wo ojú mi.

Mo wá mọ ohun tó ń ṣe mí. Kì í ṣe ọkùnrin náà ni mò ń jowú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ni. Èmi ló yẹ kí n dúró síbẹ̀. Èmi ló yẹ kí n ti máa bi wọ́n pé kí lẹ nílò. N kò bi ẹnikẹ́ni rí. Inú sítọ̀ ni mo jókòó sí, tí mò ń ráhùn.

Nígbà tí a ń padà sí ọkọ̀, ọkùnrin kan ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré bọ̀ wá sí èbúté, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Nimotalahi ní, "Adémúyìwá nìyẹn, bàbá ọmọ tí gìrì mú." Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ìbíkẹ́ ní, "Adéfọlá ńkọ́?"

"Ó ń sáré kiri, Ìyá. A dúpẹ́."

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o ń fi ọwọ́ wa ọkọ̀ nínú ìjì báyìí?"

"Mo ta ẹ́ńjìnnì mi, bàbá. Owó ọsibítù. Kò sí wàhálà, ọmọ ló ṣáà là." Ó wo páálí tí a gbé wá. "Wọ́n sọ pé ẹ̀yin lẹ ń kó oògùn fún wọn. Ọlọ́run á san án fún yín."

Mo ní "Àmín."

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Keje

Mo sọ fún Ìbíkẹ́ láàárọ̀ yìí, kó tó de gèlè. Mo ní ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé yẹn, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ náà. Akọ̀wé àgbà kò lọ sí Abẹ́òkúta. A bá wọn nílé epo nígbà tí a ń jáde ní ìlú."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

Ó jókòó. "Ta ni màá sọ ọ́ fún? Bí mo bá sọ fún ìgbìmọ̀, wọ́n á ní mo fi ọkọ mi ṣe àtẹ̀gùn. Bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó ní mo ń jọ̀gá lé yín lórí nínú ilé yín. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn pé èmi ni mi ò ṣètò oògùn náà dáadáa."

Èmi náà jókòó.

"O gba ẹ̀bi mi."

"Èyí tó dùn mí kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí fún ìbéèrè nípa ipò yìí, wọ́n ní níbo ni mo ti rí gbogbo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti dísù yìí. Mo ní ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni, òun ló yẹ kí ẹ pè. Wọ́n ní kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn rí. Bàbá Adédoyin, mi ò mọ ohun tí màá sọ."

Háílọ́s ń fọn fèrè níta. Ó de gèlè rẹ̀, ó wọ́, ó tú u, ó tún un dè. Ó jáde.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹjọ

Oògùn wọn pé. Èmi fúnra mi ni mo gbé e sínú ọkọ̀. Ìbíkẹ́ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ ju "Ẹ kú àárọ̀" lọ.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹjọ

Ìgbìmọ̀ jókòó lórí bí àdánwò náà ṣe rí. Nǹkan ti dára: dísù ti dín kù, oògùn tó ń bàjẹ́ ti dín kù, àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í dé tẹ́lẹ̀ ti ń rí i. Ṣùgbọ́n alága dúró lórí ìrìn-àjò àkọ́kọ́. Ó bi Ìbíkẹ́ pé báwo ni alábòójútó ṣe lè kó àjẹsára lọ sí etí ọ̀sà láàárín òjò kó gbàgbé oògùn ibà. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè yẹ kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí orí rẹ̀ pé.

Ẹlòmíràn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ọkàn mi sì fò fáyọ̀. N kò ní purọ́ fún ìwé yìí. Àní lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti rí, ọkàn mi fò.

Ìbíkẹ́ ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó wo ilẹ̀.

Mo dìde. Mo ní, "Kò gbàgbé. Ó béèrè, mi ò fún un. Mo purọ́ pé akọ̀wé àgbà rìnrìn-àjò." Akọ̀wé àgbà wà níbẹ̀, ó yíjú sí mi bí ẹni tí a da omi lù. Alága bi mí pé nítorí kí ni. Mo ní mo ń jowú rẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tún pa á mọ́ra.

Dókítà Mùbàṣírù ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ara ohun tí mo ti ń sọ tipẹ́ ni wọ́n fi ṣe ètò náà. Mo fẹ́ kí ó dákẹ́. Ó dùn mọ́ mi pé kò dákẹ́.

Wọ́n ní kí n retí kúẹ́rì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹjọ

Kúẹ́rì ti dé, mo ti fèsì. Wọ́n rẹ ipò mi sílẹ̀ ní ìpele kan. Leah ní mo ti sọ ara mi di ẹni tí obìnrin ń darí. Mo ní kó fún mi ní omi mu.

Mo ta ọkọ̀ Píjò mi fún oníṣòwò kòkó kan ní Òrù. Mo fi ra ẹ́ńjìnnì àlòkù tó ṣì le, mo gbé e lọ fún Adémúyìwá létí ọ̀sà. Ó rò pé ìjọba ló fi ránṣẹ́. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un pátá, lórí ìdúró, ní iwájú ìyàwó rẹ̀. Ọmọ náà, Adéfọlá, ń fi igbá bu omi dà sẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

Ọkùnrin náà kò bú mi. Ó tẹ ẹ́ńjìnnì náà wò, ó so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó fà á. Ó dún. Ó gun ojú omi lọ. Kò dúpẹ́, kò wẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ máa lọ, bàbá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹsàn-án

A ti sítọ̀ pa ní àná. Àìná lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Èmi, wọ́n fún mi ní tiránsífà sí Ìwópin, kí n máa gba oògùn tó bá dé, kí n máa pín in sí àwọn abúlé etí omi. Abẹ́ alábòójútó ni mo wà.

Ìbíkẹ́ di ẹrù mi fúnra rẹ̀. Ó kó àwọ̀n ẹ̀fọn sí i, ó kó gààrì àti epo pupa.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n rán mi lọ síbẹ̀?" Mo bi í. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí pe ìyàwó mi ní ẹ̀yin.

"Wọ́n bi mí pé ta ló lè ṣe é. Mo dárúkọ yín." Ó ń fa okùn àpò náà le. "Mo ṣì ń bínú sí yín. Ẹ má rò pé ó ti tán."

"Mo mọ̀."

"Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ oògùn tó yín."

Mo jẹun alẹ́ tán. Òun náà jẹun. A jọ wà nídìí àwo kan.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹsàn-án, Ìwópin

Ọ̀sà kún. Ẹja ti ṣọ̀wọ́n, ó ti wọ́n ju ẹran lọ. Mo ti dé gbogbo abúlé tó wà ní apá ìhín, mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n nílò, mo sì ti fi ránṣẹ́. Adémúyìwá ló ń fi ọkọ̀ gbé mi kiri, nítorí òun nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í kú lójú ọ̀nà. Ó ń gba owó rẹ̀, kì í bá mi sọ̀rọ̀.

Háílọ́s dé kí oòrùn tó mú. Ìbíkẹ́ sọ̀kalẹ̀, Dókítà sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní "Dádì, ẹ kú uṣẹ́." A jọ yẹ páálí wò. Ìbíkẹ́ ní ọwọ́ mi ti dúdú, pé ṣé mo ń jẹun. Mo ní mò ń jẹun. Ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n awakọ̀ fọn fèrè, wọ́n ṣì ní ilé ìlera mìíràn láti dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìbíkẹ́ wọ iwájú, Dókítà wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀kùn tó pa dé, mo rí ìyàwó mi tó ń rẹ́rìn-ín sí ohun kan tí èmi kò gbọ́. Mo jowú wọn títí ọkọ̀ náà fi wọ igbó.

Lẹ́yìn náà mo gbé oògùn wọlé. Àwọn èèyàn ti ń dúró.